Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Pa Tí Kò Kú: Àròjinlẹ̀ Lórí Ẹ̀rí Òpin

Nínú gbogbo àìsàn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà àtijọ́, ọ̀kan wà tí ìbéèrè inú rẹ̀ tóbi ju àìsàn náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà pa á bó ṣe yẹ kí wọ́n pa á, gbogbo iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ tì, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn tàbí kó gbé ọ̀rọ̀ jáde pé ó ti parí, síbẹ̀ fáànù ń yí, iná kékeré iwájú rẹ̀ sì ń tàn bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò sọ ohunkóhun. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, àfi èyí tó kẹ́yìn. Àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń ka èyí sí ìyọnu kékeré, nítorí pé yíyọ wáyà lára ògiri yóò parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú amòye, ìyẹn ẹni tí ń wádìí ohun tí ènìyàn lè mọ̀ àti ọ̀nà tó fi ń mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ náà kò kéré rárá. Ohun tó ń béèrè ni pé nígbà wo ni a tó lè sọ pé nǹkan ti parí, àti pé ta ló wà ní ipò láti sọ ọ́. Ìdáhùn tí àròkọ yìí yóò gbè lẹ́yìn ni pé ohun tó ń parí kò lè jẹ́rìí sí òpin ara rẹ̀, ẹni tó ṣẹ́kù lóde ni ẹ̀rí òpin wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ń fi òtítọ́ yìí pamọ́, nígbà tí èyí tó ń ṣàìsàn ń tú u síta.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ pípa kọ̀ǹpútà ṣe kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. Lára àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe lórí ìlànà AT, èyí tó gbòde ní àwọn ọdún 1980 títí dé àárín àwọn ọdún 1990, iná ògiri fúnra rẹ̀ ni ń gba inú bọ́tìnì kọjá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì náà ti já iná ní tòótọ́, ẹ̀rọ ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀. Nígbà tí Windows 95 bá parí iṣẹ́ tirẹ̀ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà, ní lẹ́tà aláwọ̀ ọsàn, pé ẹni tó ń lò ó lè wá pa iná báyìí láìséwu. Iṣẹ́ òpin pín sí méjì nígbà náà: ẹ̀rọ ń palẹ̀ mọ́, ènìyàn ń pa iná, kò sì sí ẹni tó lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ní 1995 ni iléeṣẹ́ Intel gbé ìlànà ATX jáde, tí bọ́tìnì iwájú kò sì já iná mọ́. Ó di ohun tí ń ránṣẹ́ lásán sí mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù ló wá ń bá páwà sọ́pláì sọ̀rọ̀, ìyẹn àpótí irin tí ń sọ iná ògiri di iná tí ara kọ̀ǹpútà lè gbà, wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní PS_ON ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Níwọ̀n ìgbà tí mọ́dábọ́ọ̀dù bá ń fa wáyà yìí wálẹ̀ sí òdo fóòtì, páwà sọ́pláì yóò máa tú iná 3.3, 5 àti 12 fóòtì jáde. Bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, àwọn iná náà yóò dá. Iná 5 fóòtì mìíràn tí kò lágbára púpọ̀ wà tí kì í dá ní tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá wà lára ògiri, òun sì ni iná ìmúrasílẹ̀ tí ń jẹ́ kí mọ́dábọ́ọ̀dù lè gbọ́ nígbà tí wọ́n bá tún tẹ bọ́tìnì. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti nílò èdè tí sọ́fítíwíà yóò fi bẹ mọ́dábọ́ọ̀dù pé kó jọ̀wọ́ wáyà. Èdè méjì ni wọ́n lò fún un. Intel àti Microsoft ti gbé APM jáde ní 1992, kí ATX tó dé, èyí tó fi ọ̀pọ̀ ìpinnu sọ́wọ́ BIOS, ìyẹn sọ́fítíwíà tí àwọn tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù kọ sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá 1996, Intel, Microsoft àti Toshiba gbé ACPI jáde, èyí tó gba ìpinnu lọ́wọ́ BIOS, tó sì kó o fún ètò-olùdarí, ìyẹn sọ́fítíwíà àgbà tí ń darí àwọn yòókù, bíi Windows tàbí Linux.

Ìrìnàjò àṣẹ ìkẹyìn lábẹ́ ACPI tọ́ sí àpèjúwe kíkún, nítorí pé inú rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìmòye wà. Lẹ́yìn tí ètò-olùdarí bá ti kó gbogbo sọ́fítíwíà nílẹ̀, tó sì ti kọ gbogbo ohun tó ṣì ń dúró nínú ìrántí pé kí wọ́n tọ́jú òun sínú háàdì dískì kó má baà sọnù, yóò ṣí tábìlì kan tí àwọn tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù ti kọ sílẹ̀, yóò sì wá nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ipò S5 níbẹ̀, èyí tí í ṣe orúkọ tí ACPI fún ipò pípa. Yóò kọ nọ́ńbà náà sí ibi kékeré kan nínú ṣípù mọ́dábọ́ọ̀dù, yóò sì sọ bíìtì kan tí ń jẹ́ SLP_EN di oókan. Bíìtì yìí ni ìparí gbogbo rẹ̀. Bí ohun gbogbo bá lọ bó ṣe yẹ, kò sí àṣẹ mìíràn tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé kò sí iná tí yóò fi ṣe é. Ohun tó yani lẹ́nu níhìn-ín ni pé gbogbo àṣẹ yòókù tí ètò-olùdarí ń pa láti àárọ̀ dé alẹ́ ló ń retí ìdáhùn sí: ó ní kí dískì kọ̀wé, dískì dáhùn pé òun ti kọ ọ́, ó béèrè aago, aago sọ iye tó lù. Àṣẹ ìkẹyìn nìkan ni kò gbọdọ̀ ní ìdáhùn. Bí ètò-olùdarí bá ṣì wà láyé láti bojú wẹ̀yìn wo ohun tó ti inú àṣẹ náà jáde, ìkùnà ló ń wò yẹn. Àṣeyọrí kò ní ẹnu tí yóò fi ròyìn ara rẹ̀.

Epicurus, amòye ará Gíríìsì tó kọ́ni ní Áténì ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, ti kọ́ni ní ohun tó jọ èyí nípa ènìyàn, pé ẹ̀dá àti ikú rẹ̀ kì í pàdé. Òun lo ọ̀rọ̀ náà láti fi tu àwọn tí ń bẹ̀rù nínú, ibi tó sì dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdajì mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ìtùnú kò kàn: bí ẹni tó ń lọ kò bá sí níbẹ̀ láti mọ̀, a jẹ́ pé gbogbo ìmọ̀ tó wà nípa àlọ rẹ̀, ọwọ́ àwọn tó kù ni yóò ti wá. Lórí ìdajì yìí, ìrànlọ́wọ́ tó wá láti ilé Yorùbá lágbára ju ti Gíríìsì lọ. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ìmòye ní Yunifásítì Ifẹ̀, bá àwọn oníṣègùn Yorùbá jíròrò lórí ohun tí wọ́n ń pè ní ìmọ̀ àti ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbàgbọ́, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1986. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn oníṣègùn náà kò ka ohun kan sí ìmọ̀ àfi èyí tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bó ti wù kí ẹni náà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó, ìgbàgbọ́ ni, títí tí yóò fi dán an wò. Ìwọ̀n yìí le, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí ilé ìwé ń pè ní ìmọ̀ kò ní yege lórí rẹ̀. Síbẹ̀ òun ni ìwọ̀n tó bá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí mu gẹ́lẹ́. Linux, fún àpẹẹrẹ, máa ń kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé òun ń pa iná, ṣùgbọ́n kó tó fún mọ́dábọ́ọ̀dù láṣẹ ló ń kọ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìròyìn èrò ọkàn ni, kì í ṣe ìròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá kà á tó sì dìde lọ ti gba ìròyìn dípò àfojúbà. Àwọn àgbà kò sì fi bò pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Àìsàn kejì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní orúkọ kan náà, tí kò sì jẹ́ ọ̀kan. Nígbà mìíràn, kì í ṣe pé àṣẹ ìkẹyìn kò dé ibi tó ń lọ. Wọn kò tíì pa àṣẹ náà rárá ni, nítorí pé sọ́fítíwíà kan ṣì ń ṣe ohun tó ń ṣe, ètò-olùdarí sì ń dúró dè é. Ó lè dà bí ẹni pé ó yẹ kí ètò-olùdarí mọ̀ bóyá sọ́fítíwíà náà yóò parí lọ́la tàbí kò ní parí láéláé. Láti inú iṣẹ́ tí Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1936 ni ó ti hàn pé kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè yẹ gbogbo sọ́fítíwíà wò, kó sì sọ láìkùnà èyí tí yóò dúró àti èyí tí yóò máa lọ títí. Lóòótọ́, ẹ̀rọ inú àròjinlẹ̀ Turing ní ìrántí tí kò lópin, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò sì ní irú rẹ̀; ṣùgbọ́n iye ipò tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè wà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ìyàtọ̀ náà kò fi ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò gbìyànjú láti mọ̀. Gbèdéke ni wọ́n fi lélẹ̀. Linux yóò kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ bẹ sọ́fítíwíà pé kó parí, yóò dúró, bí àsìkò bá sì pé tí kò gbọ́, yóò gba ìwàláàyè rẹ̀ láìbéèrè mọ́. Nínú ètò systemd tí ọ̀pọ̀ Linux òde òní ń lò, 90 ìṣẹ́jú-àáyá ni gbèdéke tó bá ètò náà wá. Kò sí ìmọ̀ kankan nínú 90 yìí. Ìpinnu ni, ènìyàn ló ṣe é, ó sì dára kí a mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ mọ ìgbà tó yẹ kí iṣẹ́ parí ti fún ẹ̀rọ ní ọgbọ́n tí kò ní.

Bí ẹ̀rí òpin bá wà lọ́wọ́ ẹni ìta, iṣẹ́ ẹni ìta náà kò pin sí wíwò lásán, nítorí pé ojú rí fáànù tó ń yí, ojú kò rí ìdí tó fi ń yí. Ọ̀pọ̀ ló ń ra páwà sọ́pláì tuntun lọ́jọ́ kìn-ín-ní, nítorí pé ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n rí, páwà sọ́pláì ló sì ni iná. Èyí jẹ́ àṣìṣe tó ti wà tipẹ́ nínú ìtàn èrò ènìyàn, kí a máa di ẹ̀bi ru ohun tó sún mọ́ ibi tí ọ̀ràn ti hàn jù lọ. John Stuart Mill, amòye ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ̀nà àbáyọ sínú ìwé rẹ̀ A System of Logic ní 1843: kí ènìyàn wá ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí wọ́n jọra nínú ohun gbogbo àfi ẹyọ ohun kan, bí àbájáde wọn bá sì yàtọ̀, inú ẹyọ ohun náà ni kó ti wá ìdí. Kọ̀ǹpútà gba irú ìdánwò yìí ju ọ̀pọ̀ ohun ayé lọ. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà tí wọ́n sì wọ ojú ìwé ètò BIOS, níbi tí ètò-olùdarí kò tíì dìde, tí wọ́n wá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan tí iná sì dá lójú ẹsẹ̀, a jẹ́ pé wáyà aláwọ̀ ewé àti páwà sọ́pláì kò jẹ̀bi, ọ̀dọ̀ sọ́fítíwíà ni kí wọ́n yí sí. Bí wọ́n bá fi Linux tó wà lórí dískì mìíràn tan ẹ̀rọ kan náà, tó sì pa dáadáa láti ibẹ̀, ẹ̀bi ti kúrò lára irin pátápátá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di bọ́tìnì mú ju 4 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, èyí tí ACPI ṣètò pé kó pa ẹ̀rọ láìbéèrè lọ́wọ́ sọ́fítíwíà kankan, tí fáànù sì ń yí síbẹ̀, ìgbà náà ni ó tọ́ kí ìfura padà sára irin: bọ́tìnì tó ti bàjẹ́, mọ́dábọ́ọ̀dù tí kò jọ̀wọ́ wáyà, tàbí páwà sọ́pláì tí kò gbọ́ mọ́. Àwọn kapásítọ̀, ìyẹn àwọn agolo kékeré tí ń tọ́jú iná sínú, pàápàá àwọn kan tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1999 sí 2007, ti bàjẹ́ lára ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù nítorí pé omi inú wọn kò dára; bí orí wọn bá ti wú, ojú lásán tó láti rí i.

Lára àwọn ẹ̀rọ tó lọ́jọ́ lórí gan-an, ìdí kan tó wọ́pọ̀ ni pé èdè kò yéra. Wọ́n ṣe wọ́n ní àkókò tí APM ń lọ tí ACPI sì ń bọ̀, ọ̀pọ̀ tábìlì ACPI ìgbà náà ló sì ní àṣìṣe. Àwọn tó ṣe Linux kò gbẹ́kẹ̀ lé wọn rárá: bí ọjọ́ tó wà lára BIOS bá ti ṣáájú 2001, ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Linux àtijọ́ kì í lo ACPI lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ àfi bí ẹni tó ni ín bá fi acpi=force pa á láṣẹ. Windows XP tí wọ́n bá gbé sórí ẹ̀rọ tí kò rí ACPI lára rẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n lọ tan APM fúnra wọn nínú ètò iná rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe é, yóò kàn kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé wọ́n lè pa iná báyìí, bíi ti Windows 95 gẹ́lẹ́. Níhìn-ín, kò sí ẹni tó ṣàìsàn nínú ètò-olùdarí àti mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ẹnì kejì kò gbọ́ èdè náà. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú èyí ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú lórí ohun tí Yorùbá ń pè ní àṣẹ: agbára àṣẹ kò sí nínú ẹnu tó pa á nìkan, ó wà nínú ìmùlẹ̀ láàárín ẹni tó pa á àti ẹni tó ń gbà á, bí ìmùlẹ̀ náà bá sì já, àṣẹ tó pé pérépéré yóò bọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ asán.

Ó kù síbì kan tí ẹni ìta pàápàá kò rí. Kọ̀ǹpútà tó pa dáadáa, tí fáànù rẹ̀ dúró tí iná rẹ̀ sì kú, kò tíì kú tán. Iná ìmúrasílẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lè máa tẹ́tí sí ìpè tí yóò jí i láti ọ̀nà jíjìn, èyí sì ni ìdí tí àwọn ẹ̀rọ kan fi ń pa tí wọ́n tún ń jí fúnra wọn. ACPI fúnra rẹ̀ mọ èyí, ó sì ya ipò S5 sọ́tọ̀ kúrò lára ipò G3, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá já iná gan-an. Láti Windows 8 ní 2012, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ sí i, nítorí pé ètò ìdìde kíákíá rẹ̀ máa ń tọ́jú apá kan nínú ètò-olùdarí sínú dískì nígbà tí wọ́n bá ní kó pa, kó lè gbé e dìde bó ṣe wà. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin lórí iye iná tí ẹ̀rọ tí wọ́n pa lè máa jẹ, nínú ìlànà 1275/2008: ohun tí ìlànà náà sọ nígbà náà ni pé láti 2013, kò gbọdọ̀ ju ìdajì wáàtì kan lọ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Òfin kì í ṣe gbèdéke fún ohun tí kò sí.

Nítorí náà, ààlà tó wà láàárín ohun tó wà àti ohun tó ti parí kì í sábà wà níbi kan tí gbogbo ojú ti lè rí i. Ènìyàn ló ń fà á. Àwọn oníṣègùn òyìnbó bá irú ìṣòro yìí pàdé nígbà tí ẹ̀rọ amúnimí bẹ̀rẹ̀ sí í mú èémí àti ọkàn ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú máa lọ. Ní 1968, ìgbìmọ̀ kan ní Yunifásítì Harvard, tí Henry Beecher darí, dábàá pé kí wọ́n fi ikú ọpọlọ ṣe ìwọ̀n. Awuyewuye lórí rẹ̀ kò tíì tán láàárín àwọn onísìn, kò sì yẹ kó tètè tán, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe iná fóòtì, ẹni tó bá sì lọ kò ní bọ́tìnì ìpadàbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ohun kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà àti ènìyàn fi bára mu ni èyí tí àròkọ yìí ń tẹnu mọ́: ẹni tó ń lọ kọ́ ló ń sọ pé òun ti lọ. Gbogbo ètò ìsìnkú, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lójú oórì ìdílé, iṣẹ́ àwọn tó kù ni.

Àwọn kan lè sọ pé ó ṣeé ṣe láti fi ṣípù mìíràn ṣọ́ kọ̀ǹpútà, kó máa wò bóyá iná ti dá, kó sì jẹ́rìí sí i. Òótọ́ ni, irú ṣípù bẹ́ẹ̀ sì wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, orí iná ìmúrasílẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n ṣípù náà ti di ẹni ìta nìyẹn. A kò tíì rí ohun tó jẹ́rìí sí òpin ara rẹ̀, ẹlòmíràn tí kò tíì parí la rí. Tí wọ́n bá ní kí òun náà parí, yóò nílò ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Ibi tí okùn náà ti ń pin ni ọwọ́ ènìyàn tó yọ wáyà lára ògiri.

Nítorí èyí, ẹ̀bẹ̀ kan wà fún ẹni tí irú kọ̀ǹpútà yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó má ṣe dìde lọ lẹ́yìn tó bá ti ní kí ẹ̀rọ pa. Bí iná dískì bá ṣì ń ṣẹ́jú, kó dúró, nítorí pé iṣẹ́ ṣì ń lọ, jíjá iná ní àkókò náà sì lè ba àwọn fáìlì jẹ́. Bí ó bá ti dákẹ́ tí fáànù kò sì dúró, kó kọ ọ̀rọ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, kó di bọ́tìnì mú fún 4 ìṣẹ́jú-àáyá ó lé, bí ìyẹn kò bá sì ṣiṣẹ́, kó pa iná láti ẹ̀yìn àpótí tàbí kó yọ wáyà. Ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ náà sí ni kó kọ́kọ́ fi han ẹni tó fẹ́ bá a tún un ṣe, kí wọ́n tó ra ohunkóhun.